Ẹ̀gẹ́ kò gbèrú níbi tí katapílà há: ṣé olú inú ilẹ̀ ni wọ́n há lọ?

Àgbẹ̀ Ìwó:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ oko wa fi katapílà há ojú ilẹ̀ aládùúgbò mi, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú orí rẹ̀ lọ, ilẹ̀ pupa ló kù. Nígbà tí wọ́n kúrò, ó gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀gẹ́ kan náà la jọ pín gbìn, òjò kan náà ló rọ̀ fún wa, ajílẹ̀ NPK tirẹ̀ tún ju tèmi lọ. Tèmi ti ga jù mí lọ báyìí. Tirẹ̀ kò kọjá orúnkún, igi rẹ̀ tín-ín-rín, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n létí ààlà níbi tí katapílà kò dé, ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀.

Bó bá jẹ́ ebi ló ń pa ẹ̀gẹ́ yẹn, kí ló dé tí NPK kò yó o? Ẹnìkan ní olú kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń bá gbòǹgbò ṣiṣẹ́, pé òun ni wọ́n há mọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Olú tí mo mọ̀ ni èyí tó ń hù lórí ìtì àti ọ̀gán. Ẹni tó bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí, kó là mí lóye.

Tíṣà Bàólójì:
Ẹ kú àkíyèsí, ẹ̀gbọ́n. Ẹni yẹn kò purọ́ fún yín. Olú tó ń wí kì í hù jáde kí èèyàn rí i, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé títí ayé rẹ̀. Ara gbòǹgbò ló ti ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi NPK. Náítírójìn, N inú rẹ̀, máa ń bá omi rìn nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á sì rí i fà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, P inú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wà náà ló máa jókòó sí. Bí gbòǹgbò bá ti fa èyí tó wà ní mìlímítà kan sí méjì sí ara rẹ̀ tán, ó di dandan kó hù síwájú kó tó tún rí òmíràn. Nínú ilẹ̀ pupa bíi ti aládùúgbò yín, irin àti alumíníọ̀mù pọ̀, wọ́n sì máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú ṣinṣin. Èyí tó dà sílẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gẹ́ ni kò tó o. Ẹ̀gẹ́ gan-an ló sì yẹ kí ìyà yìí jẹ jù, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n nípọn, irun ara wọn kò sì tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni olú yìí ti wọlé. Okùn rẹ̀ tín débi pé ojú lásán kò lè rí i: láàárín máíkírómítà 2 sí 10 ni. Ó lè na ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà kúrò lára gbòǹgbò, ó sì ń wọ inú ihò ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè wọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bá rí lọ́hùn-ún ló ń gbé wálé, àti síǹkì àti kọ́pà pẹ̀lú. Ìdí kejì okùn náà ti wọ inú gbòǹgbò, ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì pẹ̀ka síbẹ̀ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. Lára ẹ̀ka wọ̀nyí ni pàṣípààrọ̀ ti ń wáyé. Olú á kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀, ọ̀gbìn á fún un ní ṣúgà àti ọ̀rá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti rọ dànù, òmíràn á sì hù.

Owó tí ọ̀gbìn ń san kò kéré o. Nínú gbogbo ṣúgà tí ewé bá pèsè, ó lè jẹ́ ìdá 4 sí 20 nínú 100 ni yóò gba ọwọ́ olú lọ. Ní ti ọ̀rá, ọdún 2017 ló tó hàn kedere pé olú yìí kò lè ṣe ọ̀rá tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gbìn ló ń fún un. Ẹ rí i pé láìsí gbòǹgbò tó wà láàyè, kò sí bó ṣe lè dàgbà.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yìí wò dáadáa ní CIAT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà nítòsí ìlú Cali ní Kòlóńbíà. Ní ọdún 1980 síwájú, Reinhardt Howeler àti Ewald Sieverding ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé e lórí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti se ilẹ̀ kí ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kú, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sí i á ràn kalẹ̀, kò ní ga. Bí wọ́n bá dá olú padà sínú ilẹ̀ kan náà, á gbéra. Láìsí olú, àfi kí wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹpẹtẹ sí i kó tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Katapílà yẹn ti bá yín ṣe irú ìdánwò yẹn lójú oko: inú iyẹ̀pẹ̀ òkè ni ọ̀pọ̀ jù lọ olú náà máa ń wà.

Àgbẹ̀ Ìwó:
Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó jókòó sójú kan yẹn yé mi yékéyéké. Kí n wá béèrè: ṣé ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń bá a rìn?

Tíṣà Bàólójì:
Rárá o. Nínú ọ̀gbìn orí ilẹ̀, ìdá 70 sí 80 nínú 100 ló ń bá irú olú yìí gbé. Àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, iṣu, ata, tòmátì, ilá, kòkó, ọsàn, gbogbo wọn ni. Àlùbọ́sà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí irun gbòǹgbò tirẹ̀ kò pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn létí odò, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ní pàtàkì, ewédú díẹ̀. Ṣé àwọn náà ń bá olú yìí gbé? Mi ò gbọ́ kí Tíṣà dárúkọ wọn.

Tíṣà Bàólójì:
Ẹ ṣeun, màmá. Ewédú ń bá a gbé. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹbí yẹn ló sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á láyè. Kábéèjì àti àwọn ìbátan rẹ̀ náà kì í gbà á. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù wọn. Ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ ń dà sí ebè ẹ̀fọ́ ti fún wọn ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó, wọ́n sì tètè ń dàgbà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé bó bá jẹ́ tẹ̀tẹ̀ nìkan ló ń wà lórí ebè kan láti ọdún dé ọdún, olú á dínkù níbẹ̀ torí kò rí ẹni bọ́ ọ. Ẹ máa fi ewédú, ilá tàbí ata gba ibẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá fẹ́ gbin àlùbọ́sà, ẹ má gbìn ín tẹ̀lé kábéèjì.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Mo gbọ́, ọmọ mi. Ilá ni màá fi gba àwọn ebè òkè lẹ́yìn ìkórè yìí.

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnu bá a láti Òkè-Ògùn níbí. Ìṣòro wa ni Striga, ewéko tí àwọn Haúsá ń pè ní wuta-wuta, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó ń fa àgbàdo àti ọkà bàbà gbẹ láti abẹ́ ilẹ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀nà kan wà tí òun àti olú yìí gbà jọ tan mọ́ra. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kì í ṣe pé bí a bá ń bọ́ olú, Striga náà là ń bọ́?

Tíṣà Bàólójì:
Ìbéèrè tó dára jù nìyí ní ojú-ewé yìí. Òótọ́ ni pé wọ́n tan mọ́ra, ìtàn rẹ̀ sì wú mi lórí gidigidi.

Ní ọdún 1966, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ohun kan lára gbòǹgbò òwú tó ń jí hóró Striga lójú oorun. Wọ́n pè é ní strigol. Ohun tó rú wọn lójú ni pé Striga kò lè jẹ òwú. Kí wá ni òwú ń rí gbà tó fi ń tú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ilẹ̀? Ó tó ọdún 2005 kí Akiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tó rí ìdáhùn: olú ni ọ̀gbìn ń pè. Bí ohun náà bá kan okùn olú, kíá ló máa pẹ̀ka yí ká kó lè tètè bá gbòǹgbò pàdé. Striga ló ń gbọ́ ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n ọ̀gbìn ló sì máa ń pariwo ìpè yìí jù. Ìdí kan nìyẹn tí Striga fi máa ń pọ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a jà mọ̀ pé igi kan ṣoṣo lè ta hóró ẹgbẹẹgbàárùn-ún, tí wọ́n á sì wà nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ.

Ní ti ẹ̀rù yín, ó dà bíi pé òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí olú bá ti wọ gbòǹgbò tó sì ń gbé oúnjẹ wá, ìpè náà á rọlẹ̀, Striga tó máa jí á dínkù. Àwọn tó ṣèwádìí lórí ọkà bàbà ní Kamẹrúùnù rí i pé Striga dínkù níbi tí wọ́n ti fi olú sí ilẹ̀. Kò pa á run o. Ẹ ṣì ní láti máa fa èyí tó bá hù tu kó tó tanná, kí ẹ sì máa gbin ẹ̀wà láàárín ọkà.

Ọmọ Ṣakí:
Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Níbi tiwa, oko tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá a láìjẹ́ kó sinmi ni wuta-wuta máa ń bò jù, a kàn rò pé àìsàn ilẹ̀ ni. Màá ka èyí sí àwọn ará ẹgbẹ́ wa létí.

Àdìó Leeds:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, gbogbo ètò orí tẹlifíṣọ̀n lórí igbó ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn igi ń fi okùn olú bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé ìyá igi ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo tún gbọ́ pé ní Rhynie, abúlé kan ní Skọ́tíláńdì, wọ́n rí ewéko tó ti di òkúta láti bí ọdún mílíọ̀nù 407, tí ẹ̀ka olú yìí ṣì hàn nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ṣé a lè fọkàn tán ọ̀rọ̀ ìyá igi yẹn?

Fọ́rẹ́sítà Àgbà:
Ọmọ mi, ti Rhynie dájú. Ewéko ìgbà yẹn kò tíì ní gbòǹgbò gidi, síbẹ̀ olú ti wà lára wọn. Èyí fi hàn pé àwọn méjèèjì ti jọ wà láti ìgbà tí ewéko ti ń gòkè láti inú omi.

Ti ìyá igi, ẹ rọra. Suzanne Simard gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1997 láti inú igbó British Columbia ní Kánádà. Ó fi hàn pé kábọ́ọ̀nù gba ara igi birch dé ara igi Douglas-fir, ó tún padà. Iṣẹ́ pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, Justine Karst, Melanie Jones àti Jason Hoeksema tú gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ti sọ ọ̀rọ̀ náà ju bí ẹ̀rí ṣe gbé e lọ, pé kò sí ẹ̀rí láti inú igbó tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igi àgbà ń dìídì ṣa ọmọ tirẹ̀ bọ́. Jones yìí gan-an wà lára àwọn tó bá Simard ṣe iṣẹ́ ọdún 1997. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidi fún ìyẹn.

Kí a má sì da oríṣi méjì pọ̀. Olú ẹ̀gẹ́ ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Olú igi bíi paini àti oaku kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń fi okùn wé orí gbòǹgbò kéékèèké bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà, òun ló sì ń hù jáde ní olú tí a ń rí. Albert Bernhard Frank, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ dáadáa ní ọdún 1885. Ìjọba Prussia ló ní kó wádìí bí wọ́n ṣe lè máa gbin truffle, olú olówó iyebíye tó ń wà lábẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé olú ló ń tọ́ igi. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà náà, torí àrùn ni wọ́n ka olú ara gbòǹgbò sí.

Iṣẹ́ igbó ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, paini ló sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ilẹ̀ olóoru. Paini kì í ṣe igi wa, olú tirẹ̀ kò sí nínú ilẹ̀ wa. Ní Puerto Rico, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbìn ín tó ń ràn mọ́lẹ̀, àfìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ abẹ́ paini wá láti North Carolina ní ọdún 1955. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tó fi mọ́ Nàìjíríà, ohun kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ paini tó ti dàgbà sí nọ́sìrì tuntun. Ẹni tó bá ti rí ìyàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n bù fún àti èyí tí wọn kò bù fún kò ní jiyàn mọ́.

Ọmọ Nàgó Bassila:
Ẹ kú o, bàbá. Láti Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ olú tó ń hù lábẹ́ igi yìí kàn wá gan-an. Lágbègbè wa, Isoberlinia doka ló kún inú igbó ọ̀dàn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àwọn ìyá wa á jáde lọ ṣa olú lábẹ́ rẹ̀, oríṣiríṣi, a ń sè é jẹ, a ń sá a, a ń tà á. Nísinsìnyí àwọn tó ń sun èédú ń gé igi náà lulẹ̀. Ẹnìkan ní kí a máa gbin olú náà sórí pòròpórò bí wọ́n ti ń gbin èyí tí wọ́n ń tà nílùú ńlá. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Fọ́rẹ́sítà Àgbà:
Kò ṣeé ṣe, ọmọ mi. Olú orí pòròpórò ń jẹ ohun tó ti kú. Èyí tí ẹ ń ṣà ń jẹ láti ara gbòǹgbò igi tó wà láàyè. Ọdún tí igi bá lọ ni olú náà máa lọ. Igi apá wa náà wà lára àwọn tó ní irú olú yìí, kò sì pọ̀ nínú igi ilẹ̀ wa tó ní in. Ìrókò àti kòkó, ti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bá rìn. Bí ẹ bá ń bá àwọn tó ń sun èédú sọ̀rọ̀, owó olú tí àwọn ìyá yín ń rí lọ́dọọdún ni kí ẹ gbé ka iwájú wọn. Ìyẹn á yé wọn ju òfin ìjọba lọ.

Bọ́dé Alájílẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ìtajà ohun oko ni mò ń ṣe. Àwọn kan ń gbé olú yìí wá nínú ọ̀rá àti ike pé kí n máa tà á. Mi ò fẹ́ ta ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà mi. Kí ni kí n wò lára rẹ̀?

Tíṣà Bàólójì:
Ó dára pé ẹ béèrè. Olú yìí kò ṣeé pọ̀ sí i nínú àgbá bí ìwúkàrà ṣe ń pọ̀ sí i, gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é nínú ìgò ní láábù ń fi gbòǹgbò kárọ́ọ̀tì tọ́ ọ, àwọn mìíràn ń tọ́ ọ nínú ìkòkò ọ̀gbìn. Nítorí náà kò lè pọ̀ yanturu. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ olú náà gan-an sí i, Rhizophagus irregularis fún àpẹẹrẹ, iye tó wà nínú gíráàmù kan, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ohun abẹ̀mí ni, bó bá ti jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù gbígbóná fún oṣù púpọ̀, ó lè ti kú. Èyí tí wọ́n bá pò mọ́ ajílẹ̀ kẹ́míkà, ẹ má gbà á: bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ ní tòsí, ọ̀gbìn kì í pe olú mọ́.

Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tó bá yẹ. Ní Kòlóńbíà, Ceballos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Rhizophagus tí wọ́n tọ́ ní láábù sí ẹ̀gẹ́ ní oko gidi, wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2013, ìkórè sì lé ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ṣùgbọ́n oko tí olú tirẹ̀ ṣì pé, owó lè lọ lásán. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ohun tí mo máa sọ fún un ni kó tọ́jú èyí tó ní. Kó má fi katakata tú ilẹ̀ nígbà gbogbo, torí ó ń já okùn náà sí wẹ́wẹ́. Kó má fi iná tó gbóná janjan sun oko. Kó má jẹ́ kí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò fún àkókò gígùn, yálà oògùn apakoríko ló fi pa koríko rẹ̀ ni o tàbí ọkọ́. Ewé Akíntọ́lá tó ń bo oko tí a fi sílẹ̀, tí gbogbo wa ń kórìíra, gbòǹgbò rẹ̀ ń bọ́ olú yìí ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ ń sinmi.

Àgbẹ̀ Ìwó:
Ó kù kí aládùúgbò mi mọ ohun tó máa ṣe. Kò lówó láti ra ti inú ike. Ṣé a lè bu iyẹ̀pẹ̀ létí ààlà dà sí tirẹ̀?

Ìyá Oko Ẹ̀pẹ́:
Ẹ lè ṣe é, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ kó pọ̀, kí ẹ má baà gbẹ́ ilẹ̀ rere ṣófo. Irú rẹ̀ ni David Douds àti àwọn ará Rodale Institute, ilé ìwádìí oko kan, kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, koríko ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ọkà bàbà ni èmi ń lò nínú nọ́sìrì ọsàn mi.

Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀gbìn tó dá ṣáṣá, kó má jìn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ẹ po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ iyanrìn odò tí ẹ ti yan lórí iná tó sì ti tutù. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò tàbí ike oníhò, ẹ gbin ọkà bàbà sí i. Ẹ má da NPK kankan sí i, kí ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè mú un pe olú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ dáwọ́ omi dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gé òkè rẹ̀ dànù, ẹ gé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó kan ara ọ̀pá ẹ̀gẹ́ níbi tó ti máa ta gbòǹgbò. Ẹ má lo ẹ̀wà láti tọ́ ọ, torí aràn gbòǹgbò máa ń bá a wọlé. Ilẹ̀ tí àrùn bá sì wà, ẹ má bu níbẹ̀ rárá, torí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ máa gbé lọ.

Kí ẹ bá a wá ìgbẹ́ ẹran àti koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí wọ́n há ti pàdánù ju olú nìkan lọ.

Tíṣà Bàólójì:
Màmá ti sọ ọ́ délẹ̀. Kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n ní máíkírósíkóòpù. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olú ti wọ gbòǹgbò ọkà yẹn kí ẹ tó kó o lọ sóko. Tíńkì dúdú (tàdáwà ìkọ̀wé) àti fíníkà ló gbà, ọ̀nà tí Horst Vierheilig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1998. Ẹ fọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi KOH (pọtásíọ̀mù háídírọ́ọ̀sáìdì) ìdá 10 nínú 100 kó lè mọ́ gaara. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni kó di ìyẹn mú, torí ó ń bó ọwọ́. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ wá sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú fíníkà funfun tí ẹ kán tíńkì ìdá 5 nínú 100 sí. Ẹ fi omi tí ẹ kán fíníkà díẹ̀ sí ṣàn án. Ara gbòǹgbò á mọ́lẹ̀, okùn olú àti ẹ̀ka inú sẹ́ẹ̀lì á sì gba àwọ̀ tíńkì. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan nínú gbòǹgbò tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lọ bu iyẹ̀pẹ̀ níbòmíràn.

Àgbẹ̀ Ìwó:
Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé fún un. Ọ̀sẹ̀ yìí la máa bu iyẹ̀pẹ̀ létí ààlà, kí ọkà lè gbó kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ọmọ mi obìnrin ti gba iṣẹ́ tíńkì àti fíníkà ṣe.